Àwọn Tó Wá Ra Àwo Ló Di Ọlọ́jà: Bí Ṣọ́ọ̀bù Rough Trade Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní London

Ní oṣù kejì ọdún 1976, Geoff Travis, ọmọ ọdún 24, ṣí ṣọ́ọ̀bù àwo orin kan ní ojúlé 202, Kensington Park Road, ní àdúgbò Ladbroke Grove, ìwọ̀-oòrùn London. Rough Trade lorúkọ tó fún un. Títí dòní, àwọn tó fẹ́ràn àwo kárí ayé mọ orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ni. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní kántà, ó ní àwo tí wọ́n tò sínú páálí, ó sì ní ẹni tó jókòó tó ń retí kí ẹni àkọ́kọ́ wọlé.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ láti ìpilẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀ kọ́ ni mo rí i pé ìtàn náà wà. Àwọn olórin tó di gbajúmọ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Kántà lèmi ń wò. Láti 1976 títí di 1983, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nídìí kántà yẹn léraléra: ẹni tó wọlé wá rà á bọ́ sẹ́yìn kántà, á di ẹni tó ń tà. Ohun tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró nìyẹn. Òun náà ló sì gbà á sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó wó.

Àga inú ṣọ́ọ̀bù

Cambridge ni Travis ti kàwé. Lẹ́yìn náà ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ lójú títì kí ẹni tó bá ṣàánú gbé e, ó sì ń ti ìlú dé ìlú bẹ́ẹ̀. Ibi gbogbo tó bá dé, àwo ló ń rà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹrù àlòkù ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn kì í ka àwo sí nǹkan kan. Owó táṣẹ́rẹ́ lèèyàn fi ń rí èyí tó wọ́n bí ojú ní London. Nígbà tó yá, àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ju ẹrù arìnrìn-àjò lọ. Ó kó wọn wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì sọ fún un pé pẹ̀lú bí àwo yìí ṣe pọ̀ tó, kí ló dé tí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Ohun mìíràn tó mú bọ̀ kò wọ inú páálí. Ní San Francisco, ó dé City Lights, ilé ìtàwé tí Lawrence Ferlinghetti àti Peter Martin dá sílẹ̀ ní 1953. Níbẹ̀, ẹni tó bá wọlé lè mú ìwé lórí pẹpẹ, kó gbé e lọ sórí àga, kó kà á títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sẹ́ni tí yóò dúró lé e lórí kó máa bi í bóyá ó fẹ́ rà á. Mo gbà pé ọgbọ́n ọjà ńlá ló wà nínú èyí, bó tilẹ̀ dà bí àìbìkítà. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìwé kan fún wákàtí kan, ìwé yẹn ti di tirẹ̀ kó tó fọwọ́ bàpò.

Travis pinnu pé bí òun yóò bá ta àwo, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun yóò ṣe tà á. Ẹ wo ohun tí èyí ń bèèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré. Àyè tí àga gbà, àwo lè wà níbẹ̀. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán tí kò ra nǹkan kan, iná tó ń jó lórí rẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù ló ń san owó rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó wà ní àárín London kò ní gbà á láéláé. Wọ́n fẹ́ kí o wọlé, kí o mú, kí o sanwó, kí o máa lọ. Nítorí náà, ìpinnu Travis kò lè ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ó nílò àdúgbò tí owó ilé kò ti ga, tí àwọn ènìyàn sì ti ní àsìkò láti jókòó.

Ladbroke Grove

Ẹni tó bá rí àdúgbò yẹn lónìí, tó rí iye tí wọ́n ń ta ilé níbẹ̀, kò lè mọ bó ṣe rí ní 1976. Ilé ńláńlá àtijọ́ ni, ọ̀dà ara wọn ti ń ṣí, yàrá yàrá ni wọ́n sì ń pín wọn yá àwọn tálákà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ Jàmáíkà, Trinidad àti àwọn erékùṣù Karibíà yòókù ló kún ibẹ̀, torí pé níbòmíràn, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn láti yá yàrá, ilẹ̀kùn á pa dé. Ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kọlù wọ́n ní ìgboro. Àwọn dúdú náà kò sá lọ. Nígbà tó di 1966, ayẹyẹ ìgboro ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tó di Carnival Notting Hill tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ wa kan wà lára àwọn tó lu ìlù níbẹ̀ nígbà náà: Ginger Johnson, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti ń lùlù kiri London láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dùn mọ́ mi láti rántí pé ọwọ́ Yorùbá ti bà lórí awọ ìlù ní òpópónà wọ̀nyẹn ní ọdún mẹ́wàá kí ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí tó ṣílẹ̀kùn.

Àwọn aláwọ̀ funfun kan tún wà níbẹ̀ tí kò bá ìlú mu: àwọn onírun gígùn, àwọn òǹkọ̀wé tí kò lówó, àwọn tó ń wọ ilé tó ṣófo lọ gbé láìsanwó. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni orin. Ṣùgbọ́n orin wọn kò pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá mélòó kan ló di òwò àwo mú ní Bírítéènì: EMI, Decca, CBS, Polydor àti irú wọn. A mọ méjì lára orúkọ yẹn dáadáa nílé, torí EMI àti Decca ló gba ohùn ọ̀pọ̀ oníjùjú àti aláàpàlà wa sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ló ní ibi ìgbohùnsílẹ̀, àwọn ló ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo, àwọn ló ní ọkọ̀ tó ń gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn náà ló mọ ẹni tí yóò fi í sórí rédíò. Ọ̀dọ́ tó bá ní orin lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lọ kanlẹ̀kùn wọn. Bí wọn ò bá ṣí i, orin náà á kú sí i nínú.

Sìpíkà

Kò sí ohun tó fani wọ ṣọ́ọ̀bù náà tó ìró. Travis gbé sìpíkà ńlá sínú ilé, ó sì fi rẹ́gè sí i, ìró báàsì ń dún jáde sí títì. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn, ní Mushin tàbí ní Òṣogbo mọ nǹkan yìí. Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù tiwa náà kì í kọ pátákó pé àwo tuntun ti dé. Ó máa ń gbé sìpíkà síwájú ṣọ́ọ̀bù ni, kó fi àwo náà sí i, kí àdúgbò gbọ́. Ẹni tó ń lọ sọ́jà á dúró. Ẹni tó ti kọjá á padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà pé ohun tí wọ́n ṣe ní Kensington Park Road nìyí, ṣe ló dà bí ẹni pé mo ti wọ ibẹ̀ rí.

Àwo rẹ́gè tó gbayì jù nígbà náà ni àwo kékeré tó wá láti Kingston tààrà, tí wọ́n tẹ̀ níwọ̀nba, tí òmíràn kò tilẹ̀ ní orúkọ olórin lára, bébà funfun lásán ló wà láàárín rẹ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fojú rà. Etí nìkan lèèyàn fi ń rà á. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ́gè ní London, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fi àwo sí i, àwọn ọmọkùnrin tó dúró á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á nawọ́ sókè. Bí ọwọ́ mẹ́wàá bá nà sókè tí àwo mẹ́jọ péré sì wà, ìjà dé nìyẹn.

Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí ti yé mi. Ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní Bírítéènì, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo kó tó rà á, yàrá kótópó kan ni wọ́n máa ń tì í sí, kó dá nìkan gbọ́ ọ. Tó bá gbọ́ ọ tán, ó parí. Ní Rough Trade, àwo tí ẹnì kan bèèrè, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Ọmọ Jàmáíkà tó wá ra rẹ́gè gbọ́ rọ́ọ̀kì gbígbóná tó ń bọ̀ láti New York láìmọ̀ọ́mọ̀. Ọmọ aláwọ̀ funfun tó wá ra rọ́ọ̀kì gbọ́ báàsì Kingston títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹnì kan á bi èkejì pé, "Kí lèyí?" Ọjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ní London bẹ̀rẹ̀ sí fi báàsì rẹ́gè sínú orin wọn, àwọn òǹkọ̀wé ń wá ìdí rẹ̀ jìnnà réré. Ìdí kan wà ní ojúlé 202.

Steve Montgomery, ọmọ Scotland, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wọlé bí oníbàárà. Kò pẹ́ tó fi di òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Òun ni mo kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó sọdá kántà.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn kò rọrùn fún àdúgbò náà. Ní ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kò tíì pé oṣù méje, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀dọ́ dúdú dojú ìjà kọ ara wọn níbi Carnival. Ọlọ́pàá tó lé ní 100 ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù. Òpópónà tí wọ́n ti ń ju òkúta yẹn náà ni àwọn oníbàárà Travis ń gbà wá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwo rẹ́gè tó ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ fàájì lásán.

£500

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976 ni pọ́ǹkì, irú rọ́ọ̀kì kan tó yára tó sì ń pariwo, bẹ̀rẹ̀ sí jà ràn-ìn ní London. Ẹgbẹ́ Ramones wá láti New York, wọ́n ṣeré ní Roundhouse ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje. Àwo wọn, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri, Rough Trade wà lára ibi tí wọ́n ti lè rí i, torí Travis ń kó àwo wọlé láti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje yẹn kan náà, Mark Perry, òṣìṣẹ́ báńkì kan, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Sniffin' Glue. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣe fọ́tókọpì rẹ̀, ó fi pín-ìnnì so ó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n lè tà á sí àfi àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi Rough Trade. Wọ́n gbà á, wọ́n tò ó sórí kántà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi pọ̀ bí ewé.

Mo rò pé ìwé ló ṣí ọ̀nà fún àwo. Bí ọmọdé bá lè kọ ìwé tirẹ̀ kó sì gbé e wá sórí kántà, kí ló dé tí kò lè gbé àwo tirẹ̀ wá?

Ìdáhùn wá láti Manchester. Ẹgbẹ́ Buzzcocks, ọmọkùnrin mẹ́rin, yá £500 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1976, wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n kọ orin mẹ́rin. Wọ́n tẹ àwo kékeré 1,000, wọ́n sọ ọ́ ní Spiral Scratch, wọ́n sì fún "ilé-iṣẹ́" wọn ní orúkọ kan, New Hormones. Òpin oṣù kìíní ọdún 1977 ló jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí £500 bá ṣe àwo 1,000, kọ́bọ̀ wọn 50 péré ló lọ lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ìgbohùnsílẹ̀ àti títẹ̀ lápapọ̀. Ìṣirò kékeré yìí ló tú àṣírí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò ṣeé ṣe láìsí àwọn, ọmọkùnrin mẹ́rin fi owó àyálò ṣe é láàárín oṣù kan.

Ṣùgbọ́n àwo 1,000 tó wà nínú páálí ní yàrá ọ̀rẹ́ kò tíì di ọjà. Ẹni tó bá ti bá ẹnì kan ta àwo rí mọ̀ pé títẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ta ni yóò gbà á? Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá kì í gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó gbé àpò kọ́ èjìká wọlé. Ọ́fíìsì kan ló ń bá wọn rà á, ọ́fíìsì náà kò sì mọ̀ ọ́. Rough Trade kò ní ọ́fíìsì. Ẹni tó ń ta àwo náà ló ń rà á. O gbé e wá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ lé e, gbogbo ilé gbọ́ ọ, bó bá dára wọ́n gbà á. Wọ́n gba ti Buzzcocks, wọ́n tún bèèrè sí i. 1,000 àkọ́kọ́ tán kíá, wọ́n tún tẹ̀, nígbà tó yá ó dé 16,000.

Lẹ́yìn èyí, kántà yẹn kò sinmi mọ́. Láti gbogbo ìlú ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé àpò wá. Èyí tó wù mí jù láti sọ ni ti Daniel Miller ní 1978. Òun nìkan ló ṣe orin rẹ̀ nínú ilé, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìró kan tó rà ní àlòkù àti rẹ́kọ́dà. Ó gbé àwo ìdánwò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láti bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun ta díẹ̀. 500 ló ní lọ́kàn láti tẹ̀. Wọ́n fi sí i, wọ́n gbọ́ ọ níṣojú rẹ̀, wọ́n ní kó má tẹ 500 mọ́, 2,000 ni kó tẹ̀, àwọn á bá a pín in. Ilé-iṣẹ́ agbáwojáde rẹ̀, Mute, tó gbé ẹgbẹ́ olórin Depeche Mode jáde lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin yẹn bó ṣe dúró síwájú kántà nígbà tí àwo ń yí, tó ń wo ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Kò sí ìwé àdéhùn níbẹ̀, kò sí agbẹjọ́rò, àfi etí.

Ẹ̀yìn kántà

Owó iṣẹ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ dọ́gba, Travis náà pẹ̀lú. Ìpàdé ni wọ́n fi ń pinnu nǹkan. Wọn kì í ta àwo tó bá ń bú èèyàn nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ tàbí tó ń tàbùkù obìnrin, bó ti wù kó yá lórí àtẹ tó. Ana da Silva, obìnrin ọmọ Pọ́túgà tó ń tajà níbẹ̀, dá ẹgbẹ́ The Raincoats sílẹ̀ pẹ̀lú Gina Birch ní 1977. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1979, Rough Trade fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde. Ó ti tà á, ó ti kọ ọ́, ó sì tún padà sẹ́yìn kántà láti máa ta ti ẹlòmíràn.

Richard Scott, tó ti jẹ́ máníjà fún ẹgbẹ́ Third World ti Jàmáíkà, dé ní 1977, ó sì gbájú mọ́ fífi àwo ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ lẹ́tà láti ìlú jíjìn. Láti inú èyí ni pípín àwo fún àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò bíi Probe ní Liverpool, Revolver ní Bristol, Red Rhino ní York àti Backs ní Norwich dara pọ̀ mọ́ Rough Trade, kálukú ń pín àwo ní agbègbè rẹ̀. The Cartel ni wọ́n ń pe àjọ náà. Ẹ kíyè sí i pé ṣọ́ọ̀bù ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó wà nídìí kántà ló ṣe ọkọ̀ ẹrù tiwọn kí wọ́n má baà máa dúró de ti EMI.

Ní 1978, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwo jáde fúnra wọn. Métal Urbain, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì kan láti Faransé, ló kọ́kọ́ jáde, Augustus Pablo, ọmọ Jàmáíkà, ló tẹ̀ lé e. Bí etí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe rí nìyẹn. Àdéhùn wọn kò ní ẹ̀kọ́rọ́: bí wọ́n bá ti yọ ìnáwó kúrò, ìdajì èrè fún olórin, ìdajì fún wọn. Ní 1979, àwo ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, ti Stiff Little Fingers láti Belfast, tà ju 100,000 lọ, ó sì dé ipò 14 lórí àtẹ àwo Bírítéènì.

Ayọ̀ ńlá nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti wọlé.

Àwo tó tà 100,000 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò mọ́. Ó gba kí o tẹ̀ ẹ́ kó o tó rí owó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ń bèèrè owó, ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ọ tà á kò tíì san tirẹ̀. Owó tó wà nínú ìwé kì í ṣe owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti tajà láwìn rí láyé yìí mọ bí ó ṣe máa ń rí: ọjà ń lọ, ọwọ́ rẹ ṣófo. Àwọn tó ń gbé àwo jáde àti àwọn tó ń pín in kó lọ sí Blenheim Crescent, kò jìnnà, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Ìpàdé àti owó ìdọ́gba, ohun tó mú kí ṣọ́ọ̀bù kékeré dùn gbé, kò rọrùn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ tí gbèsè sì pọ̀. Mi ò sọ pé ìdọ́gba ló fà á. Mo ka ìdọ́gba yẹn sí ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n ní ìfẹ́ tó pọ̀, wọn kò sì ní ẹni tó ń ka owó tó pọ̀ tó.

Ní 1982, owó há gbogbo ilé náà lọ́rùn. Wọ́n pinnu láti yọ ṣọ́ọ̀bù kúrò lára ìyókù. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, bí ìgbà tí àwọn ọmọ bá ta ilé tí wọ́n bí wọn sí. Ṣọ́ọ̀bù ló bí ilé-iṣẹ́ agbáwojáde, òun ló bí ìpínkiri àwo, òun náà ló wá dà bí ẹrù tó ń wúwo lórí wọn.

Àwọn mẹ́ta

Mẹ́ta nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀, Nigel House, Pete Donne àti Jude Crighton, ní àwọn á gbà á. Wọn kì í ṣe olówó. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n mọ àwo, wọ́n sì mọ ẹni tó ń rà á. Wọ́n mọ ẹni tó ń wá ní Sátidé, wọ́n mọ ohun tó fẹ́ kó tó sọ ọ́. Orúkọ Rough Trade wà lára ṣọ́ọ̀bù náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé owó rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ tó bí i.

Ìyàtọ̀ inú ìwé yẹn kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni ní 1983, nígbà tí The Smiths, ẹgbẹ́ olórin kan láti Manchester, wọ ilé-iṣẹ́ agbáwojáde, tí ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ọlá wà. Ọdún 1991 ló hàn. Ẹ̀ka tó ń pín àwo wó lulẹ̀ pẹ̀lú gbèsè, ó sì fa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ agbáwojáde náà kò ríbi dúró sí. Travis kò tún gbé orúkọ yẹn dìde bó ṣe yẹ títí di 2000, òun àti Jeannette Lee, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò mira. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó fẹ́ ra àwo wọlé, ó rà á, ó lọ.

Ní 2007, nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti pa ṣọ́ọ̀bù àwo, tí Fopp, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àwo, wó ní oṣù kẹfà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kárí Bírítéènì sì tì pa, Rough Trade ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá tuntun lẹ́bàá Brick Lane ní oṣù keje. Wọ́n fi àga sí i. Wọ́n fi ibi tí èèyàn ti lè mu kọfí sí i, wọ́n sì ṣe pèpéle fún olórin láti wá kọrin ọ̀fẹ́. Àwọn kan nínú ìwé ìròyìn kà á sí ọgbọ́n tuntun. Ẹni tó bá ti jókòó ní ojúlé 202 ní 1976 kò lè pè é ní tuntun.

Ọdún 1983 ni ọkàn mi sábà máa ń padà sí nínú gbogbo rẹ̀, ìgbà tí àwọn mẹ́ta yẹn kúrò ní Kensington Park Road. Wọ́n lè lọ sí ibi tí owó ilé ti kéré jù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Talbot Road ni wọ́n kó lọ, ojúlé 130. Ẹni tó bá ń rìn kò ní lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ojúlé àkọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọmọ tó ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ lè ṣìnà, kó dúró ní ìkóríta, kó dẹtí, kó sì gbọ́ ibi tí báàsì ti ń dún.